Ta Ló Ń Pa Fíùsì Mọ́tò Mi?

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí. Òṣogbo ni mò ń gbé, Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mọ́tò tòkunbọ̀ kékeré kan ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí n tó délé. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí iná ẹ̀yìn mọ́tò náà àti iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Rìwáyà àdúgbò wa pààrọ̀ fíùsì, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó tún jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò lo ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní fíùsì ayé òde òní kò lágbára. Ó bó wáyà kan, ó yọ fọ́nrán bàbà mẹ́rin nínú rẹ̀, ó lọ́ wọn mọ́ ẹsẹ̀ fíùsì tó ti jó, ó sì tì í padà sáyè rẹ̀. Láti ìgbà náà, iná kò kú mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, bí mo ṣe já sí kòtò kan lójú ọ̀nà, mo gbóòórùn bíi pé wọ́n ń jó rọ́bà. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ó tún dé lọ́jọ́ kejì. Mọ́tò ará àdúgbò wa kan jóná lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọkọ mi ní kí n tà á. Ṣé kí n tà á ni? Mo tún ti ń tọ́jú owó láti fi iná ńlá méjì síwájú rẹ̀ nítorí òkùnkùn ojú ọ̀nà wa. Ṣé kí n dá ìyẹn náà dúró?

Ìyá olùkọ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Kí ẹ tó ka ìyókù ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ jáde lọ síbi tí mọ́tò yín wà, kí ẹ yọ fíùsì tí wọ́n fi bàbà lọ́ yẹn kúrò, kí ẹ jù ú nù. Bí ọwọ́ yín kò bá tó o, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín tú orí négétíìfù bátìrì sílẹ̀. Iná ẹ̀yìn yín kò ní tàn, nítorí náà ẹ má gbé mọ́tò yẹn jáde lálẹ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò fún ìwọ̀nba ọjọ́. Òórùn tí ẹ gbọ́ yẹn, awọ ara wáyà ló ń jó, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń wà.

Ẹ má tà á o. Mọ́tò yín kò ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀. Ibì kan ni wáyà ti bó, a ó sì wá ibẹ̀ rí. Bí ẹ bá tà á bó ṣe wà yìí, ẹ kàn gbé iná náà fún ẹlòmíràn àti àwọn ọmọ tiẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí fíùsì ń ṣe fún yín, torí pé ibẹ̀ gan-an ni rìwáyà yín ti ṣì í. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nítorí gílóòbù tàbí rédíò ni wọ́n ṣe fi fíùsì sínú mọ́tò. Nítorí wáyà ni. Wáyà tó ń gbé iná lọ sẹ́yìn mọ́tò yín kò nípọn ju okùn bàtà lọ, ooru tí awọ rẹ̀ lè gbà sì níwọ̀n. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà wo wáyà ọ̀hún, wọ́n ní bí iná inú rẹ̀ bá fi lè ju áńpù 10 lọ, ohun kan ti bàjẹ́ níbì kan, kí nǹkan kékeré kan yára kú kí wáyà má bàa jó. Nǹkan kékeré tí wọ́n yàn láti kú yẹn ni fíùsì. Ọdẹ tí àdúgbò gbà síbi géètì ló jọ. Bí a bá jí láàárọ̀ tí a bá òkú ọdẹ nílẹ̀, a kì í sáré gba ọdẹ mìíràn ká tó bèèrè ẹni tó pa ti àkọ́kọ́. Ọdẹ méjì ti kú lẹ́nu ọ̀nà yín, ìyá olùkọ́, kò sẹ́ni tó bèèrè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá jẹ́ ère tí wọ́n wọ ẹ̀wù ọdẹ fún. Ère kì í kú, òótọ́ ni. Olè náà sì ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ pé fíùsì òde òní kò lágbára kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò kékeré bíi tiyín, bí ẹ bá kó gbogbo gílóòbù tó wà lórí iná ẹ̀yìn pọ̀, títí kan èyí tó ń tàn sí nọ́ńbà mọ́tò àti àwọn wẹ́wẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n ń jẹ kò ju áńpù 3 sí 4 lọ. Fíùsì 10 yóò gbé ìyẹn fún ogún ọdún láìrẹ̀ ẹ́. Bó bá jó, a jẹ́ pé ohun tó kọjá nínú rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ gílóòbù.

Kí ló wá kọjá níbẹ̀? Nínú mọ́tò, wáyà kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé iná lọ bá gílóòbù. Irin bọ́dì mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń gbé iná padà sí bátìrì; òun là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni pé gbogbo irin tí ẹ rí lára mọ́tò yín, láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé bútù, orí négétíìfù bátìrì ni. Bí awọ wáyà bá bó níbikíbi, tí bàbà inú rẹ̀ fara kan irin, iná kò tún ní dé ọ̀dọ̀ gílóòbù mọ́, yóò gba ibẹ̀ bọ́ sára bọ́dì, yóò sì máa tú jáde láìsí ohun tó ń dá a dúró. Èyí ni àwa rìwáyà ń pè ní bíríìjì.

Fólìtì 12 péré ni bátìrì mọ́tò, nígbà tí iná ilé wa jẹ́ 220 sí 240. Ẹ lè fọwọ́ lásán kan orí rẹ̀ méjèèjì kí ó má gbọ̀n yín, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọkọ́ṣẹ́ fi máa ń fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì yìí kan náà ló ń yí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Ó lè tu ọgọ́rùn-ún áńpù jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún fi púpọ̀ lé e. Mo ti rí sípánà tó wà láàárín orí pọ́sítíìfù àti bọ́dì, tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi iná wẹ́ẹ̀dì, tó sì pọ́n kí a tó rí nǹkan fi gbá a kúrò. Bí sípánà bá lè pọ́n, kí ni ti wáyà tó tó okùn bàtà?

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ wa mọ̀. Ooru inú wáyà kì í bá iná inú rẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Bí iná bá di ìlọ́po 2, ooru á di ìlọ́po 4. Bí iná bá di ìlọ́po 4, ooru á di ìlọ́po 16. Fọ́nrán bàbà mẹ́rin tí wọ́n lọ́ pọ̀ lè gbé áńpù 40 kó má já, ibi tó sì yẹ kí 10 ti já ló wà. Ẹ bá mi fojú inú wo ooru tí wáyà yín ń jẹ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí bàbà yẹn tó gbà láti já. Wáyà ni yóò kọ́kọ́ jó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí. Mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọ̀gá mi kò sí nílé, onítakisí kan wá, ó ń kánjú, fíùsì họ́ọ̀nù rẹ̀ ti jó. N kò ní fíùsì. Mo fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù gbé takisí náà wá: gbogbo wáyà ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ti yọ́ pọ̀ mọ́ra bí ẹ̀bà tó tutù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èrò kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó ní kí n jókòó ti wáyà náà, kí n máa tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tú u. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún rí bàbà lára fíùsì tí mo bá ti.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí mọ́tò yín. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ yín ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀. Iná ẹ̀yìn àti iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń kú pọ̀ nítorí pé lábẹ́ fíùsì kan náà ni wọ́n wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Fíùsì kì í jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ó máa ń lo ọjọ́ díẹ̀. Òórùn sì jáde nígbà tí ẹ já sí kòtò. Èyí fi hàn pé wáyà náà kò fi gbogbo ìgbà kan irin. Ó ń kan án, ó ń kúrò. Ó wà níbi tí nǹkan ti ń mì tàbí tí nǹkan ti ń ṣí tó ń pa dé. Bí ẹ bá ní kí n fi ẹ̀jẹ́ sọ ọ́, ibi tí màá kọ́kọ́ wò ni àgbékọ́ bútù. Wáyà tó ń lọ bá iná ìdérí bútù ń gba ibẹ̀ kọjá nínú rọ́bà dúdú kan tó ká bí ìfun. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí bútù, wáyà náà ń ká, ó ń nà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, awọ rẹ̀ á là. Ẹ fi ọwọ́ fa rọ́bà náà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ yẹ ibẹ̀ wò fúnra yín. Bí ẹ bá rí i tí bàbà ń dán láti inú awọ wáyà, a ti mú olè.

Bí kò bá sí níbẹ̀, kí rìwáyà wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn dírẹ́bà, níbi tí irin àga tàbí ìdè irin lè ti tẹ wáyà pa. Kí ó wo àyè gílóòbù fúnra rẹ̀, nítorí omi òjò máa ń wọ inú iná ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n ti gbá rí. Bó bá rí i pé ẹnu rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé, omi ti ń wọbẹ̀ tipẹ́.

Kò yẹ kí ó fi fíùsì mẹ́wàá wá a. Kí ó mú tẹ́sítà, gílóòbù tí wọ́n so wáyà méjì mọ́, kí ó fi í sí àyè fíùsì tó jó náà. Kí ó yọ gbogbo gílóòbù iná ẹ̀yìn àti ti iwájú tó bá wà lójú ọ̀nà yẹn. Kí ó wá tan iná. Bí tẹ́sítà bá tàn yòò nígbà tí kò sí gílóòbù kankan nílẹ̀, bíríìjì wà. Gílóòbù tẹ́sítà kò ní jẹ́ kí iná pọ̀ ju tiẹ̀ lọ, nítorí náà wáyà kò ní jó. Ẹ̀yin, ẹ jókòó níwájú kí ẹ máa wo tẹ́sítà, kí òun máa rìn lọ sẹ́yìn, kí ó máa gbọn wáyà ní ìwọ̀n apá kan apá kan. Ibi tó bá ti gbọ̀n ọ́n tí tẹ́sítà ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni. Iṣẹ́ wákàtí kan tàbí méjì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má bá ọmọkùnrin náà jà, ẹ jọ̀ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ ní: "Ẹ bá mi wá ohun tó ń pa fíùsì, màá san owó wíwá a." Ọ̀pọ̀ rìwáyà ló ń fi bàbà lọ́ fíùsì nítorí pé oníbàárà kì í fẹ́ sanwó wíwá àrùn, owó pípààrọ̀ nìkan ló máa ń san. Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì rí i pé ó kọ́kọ́ tú orí négétíìfù kí ó tó tú pọ́sítíìfù, nígbà tó bá sì parí, kí négétíìfù wọlé gbẹ̀yìn. Bí négétíìfù bá ti kúrò, sípánà lè kan bọ́dì kí nǹkan kan má sì ṣẹlẹ̀. Kí ó bọ́ òrùka àti aago irin ọwọ́ rẹ̀. Wáyà tó ní awọ yẹ́lò pátápátá tó ń wọ inú sítíárìn tàbí abẹ́ àga, kí ó má fi tẹ́sítà kàn án: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, wáyà ẹ̀ábáàgì ni, ó sì lè bú jáde lójú ẹni.

Bí wọ́n bá ti rí ibi tó bó, ẹ má gbà kí wọ́n fi tépù dúdú nìkan wé e. Oòrùn ilẹ̀ wa máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù tépù, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á já sílẹ̀ bí awọ ejò. Kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, kí wọ́n fi wáyà tuntun tí kò tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dí àlàfo rẹ̀, kí wọ́n fi òjé jó ojú ìsopọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó máa ń sún kì nígbà tí iná bá rà á bò ó mọ́lẹ̀. Òjé máa ń mú kí wáyà gan, nítorí náà kí ojú ìsopọ̀ náà má ṣe wà lórí àgbékọ́ gan-an níbi tó ti ń ká. Kí wọ́n gbé e lọ sí iwájú díẹ̀. Bí wáyà bá ń gba inú ihò irin kọjá, rọ́bà róbótó kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ihò náà, nítorí ẹnu irin bí abẹ ni. Lẹ́yìn èyí ni kí fíùsì 10 tuntun wọlé. Pupa ni àwọ̀ rẹ̀. Búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Bí ẹ bá rí búlúù tàbí yẹ́lò níbi tí ara ìdérí àpótí fíùsì ti kọ 10, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ ra mẹ́ta mẹ́ta nínú àwọn tí mọ́tò yín ń lò, kí ẹ fi sínú àpótí iwájú àga, kí ẹnikẹ́ni má tún rí ìdí fi bàbà ṣe àwáwí.

Ní ti iná ńlá méjì yẹn, ojú ọ̀nà yín ṣókùnkùn lóòótọ́, n kò ní ní kí ẹ má fi í sí i. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi í sí i ló ń pa mọ́tò. Rìwáyà tó bá ń kánjú á kàn bó wáyà iná iwájú, á so ti tuntun mọ́ ọn. Gílóòbù 55 wáàtì méjì jẹ́ 110 wáàtì. Ẹ pín in sí 12, ó lé díẹ̀ ní áńpù 9. Wáyà àtijọ́ ti ní ẹrù tirẹ̀ lórí, ẹ wá gbé ẹrù mìíràn bí ọ̀hún lé e. Ohun tó tọ́ ni kí wáyà tó nípọn jáde tààrà láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, kí fíùsì 15 wà lójú rẹ̀ ní ibi tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí bátìrì, kí ó wọ inú rílè (súìsì tí iná kékeré ń jí), kí rílè wá gbé iná fún gílóòbù. Súìsì tí ẹ óò máa tẹ̀ kò ní gbé ju iná díẹ̀ lọ láti jí rílè. Fíùsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, torí pé ìwọ̀n wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní ọdẹ rárá; bó bá bó níbẹ̀, kò sóhun tí yóò já. Ohun kan náà ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá yín fi tírákà tàbí ẹ̀rọ orin sí i: "Fíùsì rẹ̀ dà?" Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní gílóòbù 100 wáàtì fún iná iwájú tí wọ́n ṣe fún 55. Méjì rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpù 17, á sì yọ́ ẹnu ihò gílóòbù.

Ẹ tún ṣọ́ra fún eku. Olùkọ́ máa ń fi ẹ̀pà àti bísíkíìtì ọmọ iléèwé sínú mọ́tò. Eku á tẹ̀lé òórùn rẹ̀ wọlé, á sì máa gé awọ wáyà jẹ lóru. Bí ẹ bá ń gbé mọ́tò sítòsí ìgbẹ́, ẹ máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá koríko tàbí ìgbẹ́ eku wà níbẹ̀. Ẹ má gbà kí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi omi ẹ̀rọ alágbára tú ẹ́ńjìnnì yín; omi náà ń wọ ibi tí òjò kò lè wọ̀. Kí orí bátìrì fún dáadáa, kí rọ́bà sì bo pọ́sítíìfù.

Bí òórùn náà bá sì padà wá kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kúrò lójú títì, ẹ pa mọ́tò, ẹ pa gbogbo iná, kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì jìnnà sí i. Bí ẹ kò bá rí ọwọ́ iná tàbí èéfín, ẹ lè tú orí négétíìfù. Sípánà 10 ló máa ń tú u nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ fi ọ̀kan sínú mọ́tò títí láé. Bí èéfín bá ti ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí i gbàgadà, atẹ́gùn tó bá wọlé ni yóò ru iná sókè. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ fi agolo ìpaná páúdà fọ́n ọn gba àlàfo náà. Agolo tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń bèèrè yẹn ni mò ń wí. Ẹ wo ojú aago kékeré orí rẹ̀ lónìí, bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sí nínú àwọ̀ ewé, òfìfo lẹ ń gbé kiri. Bí iná bá ti wọ inú mọ́tò, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ pe 112. Ẹ má padà wọlé tìtorí báàgì tàbí ìwé àwọn ọmọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Nígbà tí wọ́n bá ti rí ibi tí wáyà náà ti bó, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ sọ fún mi bóyá àgbékọ́ bútù ni tàbí ibòmíràn, kí n lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọkọ́ṣẹ́ mi.